Oore ń rẹ̀ mí: ṣé ayé mi kò nítumọ̀ ni?

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ayé òun nítumọ̀, kó máa ṣàánú, kó máa tọ́jú ọmọnìkejì. Mo ń ṣe é. Èmi ni wọ́n ń pè níbi iṣẹ́ bí nǹkan bá dojú rú, èmi náà ni wọ́n ń pè nínú ẹbí. Ìyá mi ń ṣàìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé rárá. Àmọ́ bí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi pé mi ò fi ọjọ́ náà ṣe nǹkan kan. Àwọn míì kì í tilẹ̀ dúpẹ́. Ṣé mi ò mọ oore ṣe ni, àbí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kì í ṣe òótọ́?”

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà, kó sì fún ẹ̀yin náà lókun.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ sì mọ oore ṣe. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé oore yín ti pọ̀ ju àyè tí ẹ ní lọ. Ẹ ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, àmọ́ ẹ kì í ráyè wo ẹnì kan nínú wọn lójú dáadáa. Oore tí kò láyè a máa di iṣẹ́ tí à ń sáré ṣe kí ó lè kúrò nílẹ̀, ẹni tó bá sì ń sáré mú ènìyàn kúrò nílẹ̀ kò lè rí ìtumọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ àyè yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àárẹ̀ kúrò lọ́nà. Ó jọ pé ẹ rò pé bí ayé ẹni bá nítumọ̀, ara á máa yá ẹni lójoojúmọ́. Ní 2013, Roy Baumeister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àgbàlagbà bí 400. Wọ́n bi wọ́n bí inú wọn ṣe ń dùn tó, wọ́n sì bi wọ́n lọ́tọ̀ bí ayé wọn ṣe nítumọ̀ tó. Nǹkan méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n ti yà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Jíjẹ́ ẹni tó ń fúnni ní nǹkan bá ìtumọ̀ rìn. Jíjẹ́ ẹni tó ń gbà bá ìdùnnú rìn. Àníyàn àti wàhálà náà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó sọ pé ayé àwọn nítumọ̀. Ìwádìí tí a fi ìbéèrè ṣe ni, kò lè sọ fún wa èyí tó fa èkejì. Síbẹ̀, ó bá ohun tí ẹnikẹ́ni tó ti tọ́ ọmọ kékeré tàbí tó ti jókòó ti aláìsàn mọ̀ mu: iṣẹ́ tó ń gbé ènìyàn ró lè gbà gbogbo okun ẹni, kò sì ní torí ìyẹn di asán. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àárẹ̀ alẹ́ dá ayé yín lẹ́jọ́. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń sọ fún yín kò ju pé ẹ ti ṣiṣẹ́ lọ.

Èyí tí ẹ sọ tẹ̀ lé e, pé ó ń ṣe yín bíi pé ẹ kò fi ọjọ́ ṣe nǹkan kan, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìwádìí kan sì wà tí mo máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí pé kò fi ẹnikẹ́ni nínú wa sílẹ̀.

Olùṣèwádìí méjì, John Darley àti Daniel Batson, ló ṣe é ní ìlú Princeton ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 tó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé mìíràn nítòsí láti sọ̀rọ̀ ṣókí. Àwọn kan máa sọ̀rọ̀ lórí irú iṣẹ́ tí ẹni tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ yẹn lè ṣe. Àwọn yòókù máa sọ̀rọ̀ lórí òwe aláàánú ará Samáríà, ọkùnrin tó dúró ti ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù jùú sójú ọ̀nà, lẹ́yìn tí àlùfáà àti ọmọ Léfì ti rí i tí wọ́n kọjá lọ. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n sọ fún àwọn kan pé wọ́n ti pẹ́, pé wọ́n ti ń retí wọn. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé àsìkò ti tó, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n sọ fún àwọn tó kù pé ó ṣì ku ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ wọ́n lè máa lọ.

Lójú ọ̀nà, ọkùnrin kan wó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn kan. Ó dorí kodò, ó dijú, kò mira. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń kọjá, ọkùnrin náà á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì kérora. Àwọn olùṣèwádìí ló fi í síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀.

Nínú àwọn tí kò kánjú, ìdá 63 nínú 100 ló ṣèrànwọ́. Nínú àwọn tó wà láàárín, ìdá 45. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 péré. Òwe tí wọ́n ń lọ sọ kò rí ìkánjú yẹn borí. Ẹlòmíràn wà nínú wọn tó ń lọ sọ̀rọ̀ nípa aláàánú ará Samáríà, tó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ọkùnrin náà kó má bàa pẹ́ dé ibẹ̀.

Ẹ má sọ pé ìkà ni wọ́n. Darley àti Batson fúnra wọn kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò dúró ló dé ibi tí wọ́n ń lọ pẹ̀lú ìdààmú. Wọ́n rí i. Ara wọn kò balẹ̀. Ẹni kan ló ń dúró dè wọ́n níwájú, ẹni kan sì ń kérora lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n wá ṣe ti ẹni iwájú. Bí mo bá rò ó, mo máa ń gbà pé ìkánjú ti jí oore gbé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rere ju bí ìkà ọkàn ti ṣe lọ.

Ẹ wá wo ọjọ́ tiyín. Láàárọ̀ ẹ ti ṣèlérí fún ẹni kan, lọ́sàn-án ẹ ti gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tiyín, nírọ̀lẹ́ ẹ ń dá fóònù lóhùn bí ẹ ṣe ń fún Màmá ní oògùn. Oore ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tí ẹ wà níbẹ̀ tán pátápátá. Màmá gba oògùn, àmọ́ wọn kò rí yín. Ẹ̀yin náà kò rí wọn. Ó yé mi bó ṣe máa ń ṣe yín bíi pé ọjọ́ ti kọjá lára yín. Ṣe ni ẹ ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àwọn tí ẹ fẹ́ràn jù lọ kí ẹ lè tètè dé ọ̀dọ̀ oore tó kàn.

Torí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ṣe lè ṣe sí i, ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ “rárá” wúwo lẹ́nu yín. Àwọn àgbà ti bá wa sọ ọ́: ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀wù fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Vicki Helgeson, onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn tó ń gbájú mọ́ ọ̀ràn ẹlòmíràn títí wọ́n fi gbàgbé ara wọn. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni pé irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ máa ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìtọ́jú ara ẹni rìn. Níní inú rere àti ìfẹ́ ọmọnìkejì lásán kì í bá wọn rìn bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ṣe pàtàkì gan-an fún irú yín. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ dín àánú kù. Ẹ kàn ní láti dá ara yín padà sáàárín àwọn tí àánú náà tọ́ sí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ iṣẹ́ kan, ẹ má sọ àwáwí gígùn. Àwáwí gígùn ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀bẹ̀. Ká ní ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá nígbà tí ẹ ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, ẹ lè sọ pé: “Mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi pé ó ká ẹ lára. Mi ò ní lè ṣe é lónìí. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́la, màá bá ẹ wo apá kejì rẹ̀ fún wákàtí kan.” Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù. Ẹ óò fẹ́ fi nǹkan kún un, ẹ óò fẹ́ tọrọ àforíjì. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni náà lè bínú díẹ̀, ẹ sì lè rí i lọ́la pé ó ti rí ọ̀nà àbáyọ fúnra rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn tó ń ti ara wọn lé yín máa ń lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ kàn kò tíì fún wọn láyè láti lò ó ni.

Ó ku Màmá. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀, torí tiwọn kò ṣe é kọ̀, ẹ kò sì fẹ́ kọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ló rò pé bí àwọn bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ìrora rẹ̀ máa dun àwọn bó ṣe ń dùn ún. Olga Klimecki, Tania Singer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Jámánì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ síta ní 2014. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn kan láti gba ìrora ẹni tí wọ́n ń wò nínú fídíò sára bíi pé tiwọn ni. Inú wọn túbọ̀ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́ àwọn kan náà láti máa fi ìfẹ́ ro ẹni tó ń jìyà, kí wọ́n máa fẹ́ kí ara tù ú. Ìbànújẹ́ tó ti pọ̀ sí i wálẹ̀, ọkàn wọn sì rí ìtura, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fídíò ìyà náà ni wọ́n ṣì ń wò. Kódà nínú ọpọlọ, ibi tó ń ṣiṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ibi tó ń ṣiṣẹ́ nígbà kejì. Bí ẹ bá jókòó ti Màmá, ẹ kò jẹ wọ́n ní gbèsè ìrora. Ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé kí ọkàn yín wà lọ́dọ̀ ìtura tí ẹ ń wá fún wọn.

Ìtura yẹn sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Cicely Saunders, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe nọ́ọ̀sì, tó tún ṣe òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re nílé ìwòsàn, kó tó wá gboyè dókítà ní 1957. Òun ló dá St Christopher’s Hospice sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ní 1967, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò ní ìwòsàn mọ́. Láyé ìgbà yẹn, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, aláìsàn tó ń jẹ̀rora á dúró títí ìrora á fi padà dé kó tó rí oògùn gbà. Á máa wo aago, á máa bẹ̀bẹ̀. Saunders rọ̀ mọ́ ọn pé kí wọ́n máa fún un ní oògùn náà lásìkò, kí ìrora tó rí àyè padà. Ó tún máa ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn aláìsàn, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé ìrora ara nìkan kọ́ ló ń bá wọn jà. Ìrònú nípa ẹbí wà níbẹ̀, ìrònú nípa ìnáwó wà níbẹ̀, ẹ̀rù àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí náà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kà sí ìrora kan ṣoṣo tó yẹ ní títọ́jú.

Kíkí nìkan kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kí obìnrin yìí. Ohun méjì ló fi hàn wá nípa àánú. Èkíní, kí a má dúró dìgbà tí ẹni náà bá bẹ̀bẹ̀. Èkejì, kí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ká tó mọ ohun tó ń fẹ́. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Màmá lálẹ́ òní, ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn, ẹ fa àga súnmọ́ wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pé: “Màámi, kí ló ni yín lára jù lónìí?” Ẹ má fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Ó lè jẹ́ ìrora. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń rò ó pé ẹrù ni àwọn jẹ́ sí yín lọ́rùn, tàbí pé ọ̀rẹ́ wọn kan kò tíì pè láti ọjọ́ yìí. Bó bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ yẹn, ìpè kan látọ̀dọ̀ yín lè tu wọ́n lára ju gbogbo ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ṣe láti àárọ̀ lọ. Ẹ kò sì ní mọ̀ bí ẹ kò bá jókòó. Ìdajì wákàtí bẹ́ẹ̀, tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ fi rọ́pò wákàtí púpọ̀ tí ẹ fi ń wọlé jáde.

Ó ku ti àwọn tí kì í dúpẹ́. A kì í ṣoore ká lóṣòó tì í, ẹ mọ òwe yẹn. Bó bá ń dùn yín síbẹ̀, mi ò ní sọ pé kó má dùn yín. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni yín. Ẹ kàn rántí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọpẹ́ máa ń wà nínú ẹni tí ojú ń tì láti sọ ọ́. Olùṣèwádìí méjì, Amit Kumar àti Nicholas Epley, ní kí àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ẹni tó ti ṣe wọ́n lóore, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn tó kọ lẹ́tà rò pé ọ̀rọ̀ náà á ṣe àjèjì lára ẹni tó gbà á, ju bó ṣe rí lọ. Wọn kò sì mọ bó ṣe máa dùn mọ́ ọn nínú tó.

Oore tó lágbára jù tí mo mọ̀ tilẹ̀ wà tí a dìídì ṣe láìbéèrè fún nǹkan kan padà. Jerome Motto, dókítà ọpọlọ ní San Francisco, wo àwọn tó ti wọ ilé ìwòsàn torí ìrẹ̀wẹ̀sì tó le tàbí torí pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀mí ara wọn, tí wọ́n sì ti kọ̀ láti máa gba ìtọ́jú lọ lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Wọ́n jẹ́ 843. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Apá kejì ń gba lẹ́tà ṣókí látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ti bá wọn sọ̀rọ̀ rí, nígbà mẹ́rìnlélógún láàárín ọdún márùn-ún. Lẹ́tà náà kò bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn, kò sì ní kí wọ́n padà wá. Ó kàn ń sọ pé ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹ ti wà lọ́dọ̀ wa, a nírètí pé nǹkan ń lọ dáadáa, bí ẹ bá sì fẹ́ kọ̀wé sí wa, inú wa á dùn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé, pàápàá ní ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn kéré láàárín àwọn tó ń gba lẹ́tà ju láàárín àwọn tí kò gbà á lọ.

Ìlà díẹ̀ lórí ìwé nìyẹn, èèyàn kan ló kọ ọ́, ó mọ ẹni tó ń kọ ọ́ sí, kò sì gbé ẹrù lé e lórí. Irú oore bẹ́ẹ̀ kò ní pa yín lágara. Bí ẹ bá ti rí àyè gbà nínú iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe irú èyí sí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́kàn yín, tí ẹ ti ń sọ pé ẹ óò kàn sí.

Nǹkan kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí inú yín kò dùn sí ohunkóhun mọ́, tí oorun kò kùn yín tàbí tó ń kùn yín jù, tí oúnjẹ kò wù yín jẹ, ẹ lọ rí dókítà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ àìsàn, ó ní ìtọ́jú, ó sì máa ń jẹ́ kí ohun tó nítumọ̀ gan-an dà bí asán lójú ẹni. Bó bá jẹ́ pé ọkàn yín ń sọ fún yín pé ó sàn kí ẹ má sí láyé, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó sọ fún ẹnì kan tó sún mọ́ yín àti fún oníṣègùn.

Ẹ sì wá ẹni tó máa jókòó ti Màmá fún yín ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ pe àwọn ẹbí tí wọ́n máa ń pè yín. Ẹ má sọ pé “ẹ ràn mí lọ́wọ́” lásán. Ẹ dárúkọ ọjọ́, ẹ dárúkọ wákàtí, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí ẹni tí ẹ kọ́kọ́ pè kò bá ráyè, ẹ pe ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ń ṣe é, wọ́n lè má ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì jáde nínú ilé.